Kì í ṣe àárò ló ń sọ Àbẹ̀kẹ́

Ìró ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì ti dákẹ́, mo dùbúlẹ̀, mò ń retí oorun. Ìró náà ń wá láti ẹsẹ̀ ibùsùn: ṣọ̀rọ̀, ṣọ̀rọ̀, ṣọ̀rọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi. Àbẹ̀kẹ́, ológbò ilé wa, ni. Ó na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè gan-an, ó ki orí bọ ikùn, ó ń lá ara rẹ̀. Mo pè é, kò gbójú sókè. Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀. Nígbà tí mo tún jí ní aago mẹ́rin, ẹnu rẹ̀ ò tíì kúrò níbẹ̀.

Inú oṣù Kejìlá la wà. Ọmọ mi obìnrin, Ìbùkún, ti lọ sí Jos láti oṣù Kọkànlá, ibẹ̀ ni wọ́n pín in sí gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Òun ló ni Àbẹ̀kẹ́. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ló gbé e wọlé nínú páálí bàtà, òun ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní ẹni téèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀ kó tó gbà kí wọ́n kẹ́ òun, kí ni wọ́n tún ń pè é bí kò ṣe Àbẹ̀kẹ́? Abilà ni, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí eérú tí wọ́n fi èédú fà nílà, ikùn rẹ̀ funfun báláú. Orí ìrọ̀rí kan náà ni òun àti Ìbùkún máa ń sùn.

Nítorí náà, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní àárò ló ń sọ ọ́. Èmi fúnra mi, ọjọ́ mìíràn á wà tí màá ti bu ọbẹ̀ ẹni méjì kí n tó rántí pé èmi nìkan ni mo wà nílé. Ilé tí ọmọ ti ń kọrin láàárọ̀, tó ń dáhùn "Mà?" láti ilé ìdáná, ó wá dákẹ́ rọ́rọ́. Mo wo ológbò tí kò lè sọ̀rọ̀, mo fi ọ̀rọ̀ tèmi sí i lẹ́nu. Ó lé ní oṣù mẹ́ta tí àṣìṣe yẹn fi jẹ ẹ́ níyà. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Kí ọdún tuntun tó wọlé, ikùn rẹ̀ ti pá. Mi ò sọ pé irun rẹ̀ fẹ́lẹ́ o, ó pá ni. Láti ibi ọmú títí lọ dé ìsàlẹ̀, awọ rẹ̀ hàn síta bí ti adìyẹ tí wọ́n ti tu. Inú itan méjèèjì tẹ̀ lé e, ọ̀tún bí òsì, etí ibi tó pá gún régé bí ẹni pé wọ́n fi abẹ fá a. Orí, ọrùn àti èjìká rẹ̀ kò ní nǹkan kan, irun ibẹ̀ ń dán. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá ohun kan lẹ́bàá ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó gùn tó ìka ọwọ́, ó tutù. Mo fi bébà gbé e. Irun ni, ó ti dì mọ́ra gbagidi. Gbogbo ohun tó ń lá kúrò lára ló ń gbé mì.

Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Àpáta nílùú Ìbàdàn níbí, oníbàárà kò sì lè wọlé kó má rí i. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ológbò ṣe rí láàárín wa. Ológbò tó ní irun lára gan-an, àwọn kan kì í fẹ́ bá a pàdé lóru, ká má tíì sọ èyí tó bó ara rẹ̀ níhòòhò. Ìyá kan tó wá gba aṣọ òkè rẹ̀ ní kí n tètè lé e jáde kó tó kó nǹkan wọlé. Òmíràn ní kí n gbé e lọ fún wòlíì. Ó dùn mí, nítorí ẹ̀dá tó wà nínú ìnira ni wọ́n ń wò bí ẹni tó fẹ́ ṣe wọ́n níbi.

Bàbá Ràfíù nìkan, tó ń sin àgbò ní ẹ̀yìn ilé wa, ló sọ ohun tó yàtọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Àbẹ̀kẹ́ títí, ó ní, "Ìyá Ìbùkún, eégbọn ni."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá, ṣùgbọ́n mo ti tú ara rẹ̀ wò. Kò sí eégbọn kankan."

"Ẹ tún tú u."

Mo tún tú u. Mo gbé e sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo yí iná sí i, mo ya irun ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìlà-ní-ìlà bí ẹni tó fẹ́ dirun. Ojú tí mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìlo gíláàsì ni mo fi wò ó, mi ò rí ohunkóhun tó ń rìn. Àwọn hóró dúdú wẹ́wẹ́ kan wà nítòsí ìdí ìrù rẹ̀, bí ẹ̀tù ìbọn. Mo ní ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀bù ni. Mo fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n sílẹ̀, mo sì lọ sọ fún Bàbá Ràfíù pé kò sí nǹkan. Ìdáhùn gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi gbọ̀n dànù yẹn.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àárò. Ọyẹ́ mú, mo ní bóyá ara rẹ̀ gbẹ pẹ̀lú, mo fi àdí àgbọn pa ikùn rẹ̀. Ńṣe ló jókòó tó ń lá àdí náà, irun tó ṣẹ́kù níbẹ̀ bá a lọ. Lálẹ́, màá pe Ìbùkún lórí fídíò, màá gbé fóònù síwájú rẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́ mi, jọ̀ọ́, má lá ara ẹ mọ́," lọmọ mi máa ń wí, ohùn rẹ̀ á máa gbọ̀n. Àbẹ̀kẹ́ á na etí sí fóònù, á wò ó díẹ̀, á sì padà sídìí ohun tó ń ṣe. Mo mú aṣọ kan tí Ìbùkún fi sílẹ̀, tí mi ò tíì fọ̀ kí òórùn rẹ̀ má baà lọ, mo tẹ́ ẹ fún un sí ibi tó máa ń sùn lọ́sàn-án, lórí àpò àjákù aṣọ tó wà lábẹ́ tábìlì mi. Ẹ fi àpò yẹn sọ́kàn.

Ní oṣù Kejì, mo rán ẹ̀wù fún un. Mo wọ̀n ọ́n bí mo ṣe ń wọn ọmọ ìkókó: ọrùn, àyà, gígùn ẹ̀yìn. Ańkárá tó ti rọ̀ ni mo lò, mo yọ ihò ẹsẹ̀ mẹ́rin, mo fi okùn sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí n lè máa so ó. Ẹ̀wù náà bò ó níkùn dáadáa. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó ń rìn bí ẹni tó ru igi. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tó rí i pé òun ò lè dé ikùn mọ́, ó bọ́ sórí ẹsẹ̀ iwájú. Ṣọ̀rọ̀, ṣọ̀rọ̀, ṣọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí irun apá rẹ̀ náà ti ń tán lọ. Mo tú okùn, mo bọ́ ẹ̀wù náà. Mo ti dí ojú omi níbì kan, ó gba ibòmíràn jáde, orísun rẹ̀ ni mi ò dé.

Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé ìyẹn, kò tíì tán lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ràfíù padà wá sí mi létí, mo ní kò burú, kí n kàn fi òògùn eégbọn sí i, bí kò bá ràn án lọ́wọ́, kò ní pa á lára. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní oṣù Kẹta ni. Mo lọ sọ́jà, mo bá ẹnì kan tó ń ta òògùn ẹran. Ó fún mi ní ìyẹ̀fun inú ike kan, àwòrán ajá wà lára rẹ̀. Mo ní, "Ológbò ni tèmi o." Ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo gbà á gbọ́. Mo dé ilé, mo wọ́n ọn sí Àbẹ̀kẹ́ lẹ́yìn, mo fi ọwọ́ pa á wọ inú irun, mo fi díẹ̀ kan ikùn.

Kò tó wákàtí mẹ́ta tí itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀. Etí rẹ̀ ń ta pọ́nún pọ́nún. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo ara, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, kò lè dìde. Mo pe Ìbùkún, èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń sunkún lórí fóònù. Òun ló wá nọ́ńbà dókítà àwọn ẹran kan láàárín ìgboro fún mi. Dókítà náà ò tilẹ̀ dúró kí n parí àlàyé. Ó ní, "Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ olómi tí ẹ fi ń fọ abọ́ wẹ̀ ẹ́ báyìí mà, kì í ṣe omi gbígbóná o. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi aṣọ wé e kí òtútù má mú un, kí ẹ máa gbé e bọ̀. Ẹ mú ike òògùn náà dání." Ọmọ iṣẹ́ mi dì í mú, èmi wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. A gbé e sínú agbọ̀n, mo dá Micra kan dúró lójú títì, mo ní kó má gbé èrò kankan kún wa.

Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà náà, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ Ìbùkún tàbí kó fi díẹ̀ jù ú lọ. Ó gba ike, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i, ó mí kanlẹ̀. Permethrin ni, òògùn apakòkòrò kan. Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn tó ti gún un lábẹ́rẹ́ tí gbígbọ̀n náà dínkù: ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè tú irú òògùn yìí palẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ ajá ṣe ń tú u, ohun tí ajá á gbé kiri lára láìmọ̀ lè pa ológbò kí ilẹ̀ tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni parasitamọ́ọ̀lù. Ẹyọ kan ṣoṣo tí à ń lò fún orí fífọ́ tó láti pa ológbò. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ológbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì í mú. Òògùn tí àwòrán ajá bá wà lára rẹ̀, tí kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ológbò lè lò ó, ẹ má gbé e wọlé.

Òru méjì ni Àbẹ̀kẹ́ lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí mo lọ gbé e, ó ti jẹun, ó ti ń rìn. Mo ti fẹ́ gbé e sínú agbọ̀n nígbà tí dókítà náà ní, "Mà, ẹ jókòó díẹ̀. Ikùn yìí ńkọ́?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí Jos dórí ẹ̀wù. Mo ní àárò ni. Kò já mi lẹ́nu, ó gbọ́ ọ tán. Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí. Ṣé ó ń tọ̀ bó ṣe yẹ, tàbí ó máa ń jókòó pẹ́ sídìí ìtọ̀ tí ìwọ̀nba ń jáde? Nítorí bí àpò ìtọ̀ bá ń dun ológbò, ìsàlẹ̀ ikùn ló máa ń lá. Ṣé ó ń fo àga bíi ti tẹ́lẹ̀, tàbí oríkèé ń dùn ún? Kí ló ń jẹ? Mo ní orí ẹja pánlá àti ẹ̀bà, nígbà mìíràn ẹran. Ṣé èmi tàbí ọmọ iṣẹ́ mi kan ní làpálàpá lára? Nítorí ológbò lè kó o ran èèyàn. Mo ní rárá. Ṣé mo ti rí ohun tó dà bí hóró ìrẹsì nídìí rẹ̀ rí? Mo ronú. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan, lórí aṣọ Ìbùkún, mo rò pé oúnjẹ ló ta sí i. Dókítà náà mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó fa irun díẹ̀ tu ní etí ibi tó pá, ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, ó ní kí n wá wò ó. Irun tó dàgbà fúnra rẹ̀, orí rẹ̀ máa ń tín-ín-rín títí tí yóò fi parí ṣóńṣó bí ẹnu abẹ́rẹ́. Ti inú gíláàsì yẹn kò ní ṣóńṣó. Wọ́n dá lójijì, ẹnu wọn rí jágajàga. Ẹ má bínú, iṣẹ́ mi ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ránṣọ. Òwú tó bá tú kúrò lójú rírán máa ń jáde ní odindi, ẹnu rẹ̀ á mọ́. Èyí tó bá já ni ẹnu rẹ̀ máa ń fọ́n ká bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Dókítà, irun yìí ò re. Wọ́n já a ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ahọ́n rẹ̀ ló já a." Ó ní bó bá jẹ́ àìsàn inú ara ló ń mú irun re, yóò jáde ní odindi pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí ológbò wọn níbi tó ti ń ṣe é, nítorí ibi tó fara pamọ́ tàbí ìgbà tí ilé bá ti sùn ló máa ń ṣe é jù, wọ́n á ní irun rẹ̀ ń re. Ahọ́n náà kì í ṣe ohun kékeré. Ìkọ́ wẹ́wẹ́ ló kún orí rẹ̀, gbogbo wọn tẹ̀ sẹ́yìn sí ọ̀nà ọ̀fun, ohun tí èékánná fi le ni wọ́n fi le. Ẹ̀yin aránṣọ ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí ìlẹ̀mọ́ tí à ń rán sí àpò ọmọ iléèwé, apá tó ní ìkọ́ ni.

Lẹ́yìn náà ló mú kóòmù kékeré kan jáde, eyín rẹ̀ fún pọ̀ ju ti ìyarun tí a fi ń yọ iná orí lọ. Ó yà á ní ìdí ìrù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbọn ohun tó bá a jáde sórí tíṣù funfun. Hóró dúdú mẹ́fà tàbí méje. Ẹ̀tù mi ni. Ẹnu mi ti ń lọ sọ pé ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀bù ni, ó fi ìka bọ omi, ó kán an lé wọn lórí. A jọ tẹ̀ mọ́ tábìlì, a ń wò ó. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ni omi tó yí hóró kọ̀ọ̀kan ká bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń ràn díẹ̀díẹ̀ nínú tíṣù náà bí ìgbà tí aṣọ pupa tí kò dára bá ń yọ àwọ̀ sínú omi, pupa tó dà bí ìpẹtà irin.

"Ẹ̀jẹ̀ ni mà," ló wí. "Ẹ̀jẹ̀ Àbẹ̀kẹ́. Eégbọn mu ún, ó sì yà á sílẹ̀. Ìdọ̀tí lásán kì í pọ́n."

Mi ò lè sọ̀rọ̀. Tábìlì ìgéṣọ mi ni mo ń rò, àti ọwọ́ tí mo fi gbọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú eégbọn tí mò ń sọ, nítorí orúkọ kan náà la fi ń pe púpọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ etí ajá, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ títí tó fi wú bí ẹ̀wà. Èyí tó ń fò ni, kò tóbi tó hóró yanrìn ńlá, ara rẹ̀ pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sí èkejì kó lè máa sá gba àárín irun. Àwọn ológbò kan wà tí ara wọn kò gba itọ́ rẹ̀. Kò dìgbà tí ogún eégbọn bá jẹ wọ́n, méjì péré tó láti mú gbogbo ara yún wọn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Irú ológbò bẹ́ẹ̀ á wá máa lá ara rẹ̀ débi pé á gbé àwọn eégbọn náà mì. Ìdí tí mi ò fi rí ìkankan nìyẹn. Àwọn hóró tó dà bí ìrẹsì náà, aràn ni, inú eégbọn tó gbé mì ló ti kó o.

Mo bi í pé ṣé kì í ṣe àárò rárá ni. Ó fi sùúrù dá mi lóhùn. Ó ní àníyàn lè mú ológbò lá ara rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun kì í gbà pé àníyàn ni àfi bí òun bá ti wá gbogbo ìyókù tì. Ó ní ní ọdún 2006 àwọn dókítà kan kọ̀wé jáde lórí ológbò 21 tí wọ́n gbé wá pé àníyàn ló ń mú wọn lá irun ara wọn kúrò. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, 16 nínú wọn ló jẹ́ pé ohun tó ń yún wọn tàbí tó ń ṣe wọ́n lára ló fà á. Mẹ́ta ní méjèèjì pa pọ̀. Méjì péré ni àníyàn nìkan ń ṣe. Mo ní kó tún un sọ.

Ó gún un lábẹ́rẹ́ kan tí yóò pa yíyún náà fún ìgbà díẹ̀, ó fún un ní òògùn aràn. Nígbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ kúrò nínú májèlé tí mo fi sí i, mo padà lọ gba òògùn tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn, níbi tí ahọ́n rẹ̀ ò lè dé, ti ológbò gan-an, a sì wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó yan èyí tó bá ìwúwo rẹ̀ mu. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni. Ó kìlọ̀ fún mi pé eégbọn tó wà lára ológbò kò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo wọn lọ, ìyókù wà nílé, ẹyin, ìdin àti èyí tó ti di ara rẹ̀ sínú ìwérun, ìyẹn ilé tí ìdin ń hun yí ara rẹ̀ ká kó tó di eégbọn. Eégbọn kan lè yé tó ogójì ẹyin lójúmọ́, ẹyin náà kì í lẹ̀ mọ́ irun, ibi tí ológbò bá ń sùn sí ló máa ń já bọ́ sí.

Ibi tó ń sùn sí. Mo délé, mo wọ́ àpò àjákù aṣọ yẹn jáde síta gbangba, aṣọ Ìbùkún ṣì wà lórí rẹ̀. Mo tú u sórí bébà funfun. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, láàárín léèsì àti áńkárá ọdún mẹ́ta, ìyẹ̀fun funfun àti dúdú ló kún ibẹ̀, bí iyọ̀ tí wọ́n pò mọ́ ẹ̀tù, àwọn ìdin tín-tìn-tín bí òwú gígé sì ń lọ́ nínú rẹ̀. Mo ti fi ọwọ́ mi tẹ́ ibùsùn fún un sórí ohun tó ń jẹ ẹ́, mo ní mò ń fi ṣìpẹ̀ fún un.

A sun àpò náà. Aṣọ Ìbùkún nìkan ni mi ò lè sun, mo fi omi gbígbóná sè é bí ìgbà tí wọ́n ń se aṣọ ọmọ titun, mo sá a sóòrùn ọjọ́ mẹ́ta. A gbá ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀ títí dé ìdí ògiri, a nu ilẹ̀, a sá bẹ́ẹ̀dì. Ajá ọlọ́dẹ àdúgbò wa tó máa ń wá sùn sẹ́nu ọ̀nà mi, mo sanwó òògùn tirẹ̀ náà, nítorí bí a bá wẹ ọ̀kan tí a fi èkejì sílẹ̀, asán ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo tún rí eégbọn kan lára Àbẹ̀kẹ́, ọkàn mi já. Dókítà ní kí n má bẹ̀rù, àwọn tó wà nínú ìwérun lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sí òògùn tó ń dé ibẹ̀, bí wọ́n bá ṣe ń jáde ni òògùn ara rẹ̀ á máa pa wọ́n. Kí n ṣáà má dáwọ́ dúró. Ó ní bí irun kò bá hù lẹ́yìn gbogbo èyí, oúnjẹ la máa yẹ̀ wò, ẹran kan ṣoṣo tí kò jẹ rí ni a ó máa fún un, kò ní tọ́ ohun mìíràn wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó kéré tán. A dúpẹ́, kò débẹ̀.

Irun kọ́kọ́ hù ní inú itan, ó rí bí ẹ̀gún kéékèèké, lẹ́yìn náà ló rọ̀. Ikùn pẹ́ díẹ̀. Lóru, ìró yẹn dínkù títí tí mo fi ń jí pẹ̀lú ìpayà pé kí ló dé tí mi ò gbọ́ ọ.

Kò tán pátápátá o, mi ò ní purọ́. Bí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ ilé kejì lójijì, ó máa ń jókòó, á lá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á dáwọ́ dúró. Dókítà ní bí ológbò ṣe máa ń pẹ̀tù sí ara rẹ̀ lọ́kàn nìyẹn, kí n má kígbe mọ́ ọn, kí n má sì fà á kúrò níbẹ̀. Mo gbé páálí kan sókè kọ́bọ́ọ̀dù fún un, ibi tó jìnnà sí ariwo, mo ń fún un lóúnjẹ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, mo máa ń so àjákù aṣọ fífẹ̀ kan mọ́ ọ̀pá, màá máa fà á nílẹ̀, á máa lé e. Mo máa ń ti ọ̀pá àti aṣọ náà mọ́ àpótí lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin aránṣọ tí ẹ ní ológbò, ẹ gbá òwú ilẹ̀ yín. Àwọn ìkọ́ ahọ́n yẹn tó tẹ̀ sẹ́yìn kì í jẹ́ kó lè tu òwú tó bá ti wọ ẹnu rẹ̀, ńṣe lá máa gbé e mì, òwú gígùn sì lè dí ìfun rẹ̀ tàbí kó gé e.

Mo gbé kóró obì àti ẹran díẹ̀ lọ bá Bàbá Ràfíù ní oṣù Kẹrin. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Òótọ́ lẹ sọ." Ó bi mí pé irun ti ń hù? Mo ní ó ti ń hù. Ó ní ìyẹn náà ló ṣe pàtàkì.

Ní oṣù Keje, Ìbùkún gba ààyè ọ̀sẹ̀ kan, ó wálé. Kó tó bọ́ bàtà ló ti ń pe orúkọ rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ jáde láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó gbóòórùn báàgì rẹ̀, ó sì fi ìrù fà á lẹ́sẹ̀ kọjá lọ sídìí abọ́ oúnjẹ. Èmi ni mo sunkún. Ọmọ mi dì mọ́ mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin gan-an làárò mi ń sọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lálẹ́, ó gbé Àbẹ̀kẹ́ sórí itan, ó yí ikùn rẹ̀ sókè. Irun ibẹ̀ ti kún, ó funfun, ó rọ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ. Mo nawọ́ kóòmù sí i, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ìdí ìrù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o gbọ̀n ọ́n sórí tíṣù, kí o kán omi lé e. Ó kán an. A jọ tẹ orí mọ́ ọn lábẹ́ iná, a ń dúró. Ó ní, "Mọ́mì, kí ni mò ń wá?" Mo ní kó dúró díẹ̀ sí i. Tíṣù náà tutù rin, ó funfun títí dé etí.